Ẹ Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá, ti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde lẹ́ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Surulere, DStv á dákẹ́. Ìgbì tó ń gbé àwòrán náà bọ̀ kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, ẹ̀kán òjò ń gbé e mì, ó sì ń fọ́n ọn ká. Ohun kan náà ló ń ṣe rédà tó ń lo ìgbì sẹ̀ǹtímítà 3. Òjò ilẹ̀ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ yín wọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Ajayi kò fara mọ́ ìyẹn. Ilé-Ifẹ̀ ló ti wọn bí ẹ̀kán òjò tiwa ṣe tóbi tó, òun àti Olsen ará Kánádà sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1985. Àwọn onímọ̀ ìgbì rédíò nílẹ̀ olóoru ń tọ́ka sí i títí dòní.

Ajayi lọ wọn òjò fúnra rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà nígbà èwe mi, wọ́n ra rédà, wọ́n ní kí àwa ọ̀dọ́ má fọwọ́ kàn án. Páìpù onígun mẹ́rin kan ló ń gbé ìgbì láti inú ẹ̀rọ lọ sí àǹténà. Rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rẹ̀ sán, òjò wọ inú rẹ̀. A ń wo omi tó ń kán nídìí páìpù. Ká tú u, ká nù ún gbẹ, ká fi rọ́bà tuntun sí i, ó parí. Ọ̀gá ní rárá, ká kọ lẹ́tà sókè òkun. Òjò ọdún yẹn rọ̀ tán kí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí tó dé. Inú ń bí mi sí i síbẹ̀.

Ìwọ ọmọbìnrin tó gbapò kìn-ín-ní, ìwọ ni mò ń bá wí jù. Wọn á fún ọ ní ọ́fíìsì tó tutù, wọn á to fáìlì síwájú rẹ, wọn á máa pè ọ́ ní ẹnjiníà. Bí ọdún bá yípo tí o kò tíì tú bọ́ọ̀tì kan, wáṣẹ́ mìíràn, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ìwọ tí o ń múra àtilọ sí Kánádà, máa lọ, ṣùgbọ́n ka iṣẹ́ Ajayi kí o tó wọ bàálù.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá wọlé lálẹ́ tí gíríìsì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ẹ má bi í pé ṣé torí èyí lẹ ṣe sanwó ilé ìwé. Ẹ gbé oúnjẹ fún un, kí ẹ bi í ohun tó tún ṣe.