Inú Rere Láàrin Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ inú rere ni mo mú wá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan, mo jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé ìjọ kan. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í tètè dé. Bí agogo bá ti lù, tí a ti gbàdúrà, tí a ti pe orúkọ tán, nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kún fún eruku, aṣọ rẹ̀ á sì tutù níwájú. Ní ọjọ́ kan mo wí pé, “Ìgbín dé o! Ẹ fún un láyè kí ó wọ́ wọlé.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìgbín. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé-ìwé jẹ. Bí ó bá wá ní ọjọ́ Ajé, a kò ní í rí i mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó gba ilé Ìgbín lọ. Ó bá a lẹ́bàá kànga. Ìyá àgbà tí kò lè dìde nílẹ̀ ni ó ń pọnmi fún. Òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń po ẹ̀kọ fún un mu, kí ó tó sáré bọ̀ ní ilé-ìwé. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Ọmọ kejì kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé garawa kejì.

Nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi, ó wá síbi tábìlì mi, ó kúnlẹ̀, ó rọra wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Omi ni ó ń pọn.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ojú tì mí. Mo ń kọ́ wọn ní Bíbélì ní àràárọ̀, n kò sì bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè ohun tí ó ń mú kí aṣọ rẹ̀ tutù. Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Ìyẹn kò mú orúkọ náà kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkarahun, wọn kò sì fẹ́ bá a ṣeré mọ́. Ọmọ náà kò bínú. Ó ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.

Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó mọ̀ bí ó ti ń dunni. Ẹ̀kọ́ yìí náà wà nínú ìtàn ará Samáríà rere tí Jésù Olúwa wa sọ, ní orí 10 Ìhìnrere Lúùkù. Àlùfáà rí ẹni tí ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́ ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ọmọ Léfì náà rí i. Ojú kò fọ́ wọn. Wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá ni. Ará Samáríà ni ó sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó dúró lókèèrè lè káàánú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sún mọ́ni ni yóò di ọgbẹ́.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther pẹ̀lú. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ẹ wo ọmọdé tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni, tí wọ́n mú wá sí ilé-ìwé! Wọ́n fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ọmọ lè dà lọ́la ni kí a ṣe ṣe é lóore. Bí kò tilẹ̀ di olókìkí, Ọlọ́run ni ó dá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí àjèjì bá wọ kíláàsì yín lọ́la, ẹ sún fún un kí ó jókòó. Bí akólòlò bá ń kàwé, ẹ jẹ́ kí ó parí gbólóhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó báni wí, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà náà kú nígbà ọyẹ́. Ìgbín kò fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó ka ìwé mẹ́fà yege, òun àti Ìkarahun lórí bẹ́ǹṣì kan náà.