Ọ̀rọ̀ Lórí Sísọ Eyín Di Funfun: Bí A Ṣe Sọ Ọ́ Níbi Ìpàdé

Àwọn tí kò ráyè wá sípàdé ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí i níbí.

Ẹ mọ ohun tó fà á. Ìgò kékeré kan ló wọ ọjà wa, wọ́n ń gbé e kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fi kun eyín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, eyín rẹ̀ á funfun bí òwú. Méjì nínú wa rà á nítorí ìgbéyàwó ọmọ. Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ètè ọ̀kan ti wú, ẹran ìdí eyín ìkejì ti bó, kò lè jẹ ìrẹsì níbi àsè ọmọ rẹ̀. Ìyá ìyàwó tó ń fọwọ́ bo ẹnu nínú fọ́tò! A yẹ ìgò náà wò: kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. La bá ní kí àwa mẹ́ta lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà eyín.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ yà wá lẹ́nu. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé eyín àwọn pọ́n, ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Obì, orógbó, tíì, tábà, áásà, gbogbo wọn ló ń kun eyín. Òmíràn sì ti le bí òkúta nídìí eyín, pákò kò lè hó o mọ́. Àwọn dókítà á fi irin iṣẹ́ ha á kúrò, wọ́n á wá dán eyín náà. Scaling and polishing ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Bí ó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má náwó kún un mọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kó funfun sí i ni wọ́n máa ń fún ní oògùn, hydrogen peroxide tàbí carbamide peroxide. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan, wọ́n á ṣe é lórí àga níbẹ̀. Oògùn yẹn le, wọ́n gbọ́dọ̀ bo ẹran ìdí eyín kó má baà jó o. Àwọn kan máa ń tan iná búlúù sí i, àmọ́ oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má san owó gọbọi torí iná. Èkejì, wọ́n á wọn eyín yín, wọ́n á fi ike tín-ínrín ṣe ohun tó bá a mu, ẹ ó máa fi oògùn sínú rẹ̀, ẹ ó máa fi sẹ́nu lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn tiẹ̀ rọrùn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún carbamide peroxide ni wọ́n sábà máa ń lò. Ní tiwa, èyí wù wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó tiẹ̀ falẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe èyíkéyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹnu yín wò. Bí eyín bá ti luhò, tí oògùn wọ inú rẹ̀, ẹ ò ní sùn lóru ọjọ́ náà. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mú, ẹ dúró ná. Ẹni tó ní eyín àtọwọ́dá níwájú, oògùn kì í ran ìyẹn. Eyín tòótọ́ á funfun, ti àtọwọ́dá á wà bó ṣe wà, ẹnu á wá di aláwọ̀ méjì bí àǹkárá. Eyín lè máa kan èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀ tó bá mu omi tútù, ìyẹn á lọ. Kì í sì í ṣe títí ayé. Ẹ̀yin ará ìsọ̀ obì tí ẹ̀ ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ mọ ara yín.

Ẹ tún gbọ́ èyí o, ó ká wa lára. Eyín tó rí bí eérú láti kékeré, kì í ṣe ìdọ̀tí. Tetracycline, kápúsù aláwọ̀ méjì tí gbogbo wa mọ̀, bí wọ́n bá fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ náà jẹ́ láti inú wá. Láti mú un funfun lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè má mọ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé oògùn sórí àtẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún ìyá tó bá ní ọmọ òun ń wúkọ́.

Èédú lílọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń jẹ òde eyín tó ń dán, bó bá sì ti lọ, kì í hù padà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London tí wọ́n ń fi ti ìlú Ọba ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Láti 2012, òfin ibẹ̀ ni pé èyí tó bá lágbára ju 6% hydrogen peroxide lọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ títà, èyí tó sì wà láàárín 0.1% àti 6%, àwọn dókítà eyín ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún èèyàn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, kí ẹ sì béèrè iye owó gbogbo kí ẹ tó jókòó sórí àga. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, a kì í rajà láì dúnàá-dúrà.

Ẹni tí ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó kó o wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. A ò ní bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì ti gbàtọ́jú, àpótí ẹgbẹ́ la ti mú owó rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.