Omi Ẹ̀rọ Yẹ Kí Ó Dé Ojúlé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn lórí omi bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Ṣómólú

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà síbí. A kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá oorun yín dúró.

Nígbà tí a pàdé kẹ́yìn, ẹ yan àwa márùn-ún pé kí a lọ yẹ ọ̀rọ̀ omi wò. Ohun tí ó fà á kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, awakọ̀ dánfó, ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. A dúpẹ́ pé ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ pàdánù owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì jẹ gbèsè oògùn tí kò tí ì san tán títí di òní. Kànga tí wọ́n ń pọn omi nínú rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

A lọ wo kànga náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti rí, nítorí àwọn kan rò pé kànga ẹlẹ́gbin ni kànga tí ewé ń bọ́ sí. Kànga yìí ní ìdérí irin. Lánlọ́ọ̀dù ti fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Omi inú rẹ̀ mọ́ kedere, kò rùn rárá. Àwọn obìnrin ilé náà tilẹ̀ ń fi yangàn sí àwọn ará etí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí omi kànga ti máa ń ní iyọ̀. A bu omi náà sínú ìgò kékeré kan tí a fi ń yẹ omi wò, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ará Íńdíà gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde ní 1982. Ìwé pélébé kan tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn wà nínú ìgò náà. Bí kòkòrò tí ń ti inú ìgbẹ́ wá bá wà nínú omi, gbogbo rẹ̀ yóò dúdú. A gbé ìgò náà sí orí kọ́bọ́ọ̀dù akọ̀wé. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ó ti dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì tí wọn kò pààrọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Kí ló fà á? Sókàwéè ilé náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná. A fi tépù wọn àárín òun àti kànga: ẹsẹ̀ bàtà 22. Àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ṣalángá, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹ wá wo ilẹ̀ tí à ń gbé. Pulọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ní Ṣómólú kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí bàbá pín in fún ọmọ, ọmọ tún gé nínú rẹ̀ tà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé lánlọ́ọ̀dù kan ní pulọ́ọ̀tì odidi, ó gbẹ́ kànga sí iwájú pátápátá, ó gbé sókàwéè sí ẹ̀yìn pátápátá. Tirẹ̀ jìnnà tó. Ṣùgbọ́n sókàwéè aládùúgbò apá ọ̀tún wà lẹ́bàá ògiri, ti apá òsì náà wà níbẹ̀, ti ẹni tó kọjú sí i sì wà ní òdìkejì gọ́tà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ fẹ́ǹsì.

Nítorí náà ni a ṣe wí fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ilé kan. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwa fúnra wa rò pé àwọn lánlọ́ọ̀dù ni a ó dá lẹ́bi. Àwọn kan nínú wọn lẹ́bi, a kò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó mọ́ jù lọ ní òpópónà kò lè dáàbò bo kànga rẹ̀ lọ́wọ́ ilé mẹ́rin tó yí i ká. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti kó lọ sí abúlé ìhà Ìkòròdú nítorí owó ilé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ilẹ̀ yín ṣì gbòòrò lónìí, ilé kò tí ì fún. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣómólú náà ṣe rí nígbà kan.

Àwọn ìyàwó wa ń sapá. Wọ́n ń da álọ́ọ̀mù sí omi. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ni. Omi a mọ́ lójú, kòkòrò tó ṣẹ́kù kò sì kú. Bí a bá da oògùn kúlórínì sínú kànga, ó ń pa kòkòrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbin mìíràn yóò ti wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nítorí kò sí ẹni tó gbé sókàwéè kúrò. Sísè dára, ẹ máa sè é, pàápàá èyí tí ọmọdé yóò mu. Ṣùgbọ́n ẹ ro iye gáàsì tàbí kẹrosíìnì tí yóò se omi fún ènìyàn mẹ́fà lójoojúmọ́, ẹ sì rántí pé iyọ̀ inú omi etí ọ̀sà kì í bá èéfín lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni kí a ra omi. Ẹ bá wa ṣe ìṣírò kan. Wọ́n ní ènìyàn kan nílò ó kéré tán lítà 50 lójúmọ́, láti mu, láti sè, láti wẹ̀, láti fọṣọ. Ènìyàn mẹ́fà á lo lítà 300. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ fi iye tí mẹ́rúwà ń ta kẹ́ẹ̀gì kan ní àdúgbò yín sọ 15 di púpọ̀, kí ẹ tún fi ọjọ́ 30 sọ ọ́ di púpọ̀. Kí olúkúlùkù gbé èyí tó bá rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí a ṣe é láàárín ara wa, ẹnìkan dìde, ó ní òun kò fẹ́ mọ̀ mọ́. Nítorí kí owó má bàa tán, ilé tó pọ̀ ń ra kẹ́ẹ̀gì méjì péré fún mímu, wọ́n ń fi kànga fọ abọ́, wọ́n ń fi fọ ẹ̀fọ́, wọ́n ń fi wẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni àrùn ń gbà wọlé.

Àrùn náà kì í sì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru nìkan. Ní 1991, onígbáméjì mú ènìyàn 59,478 ní Nàìjíríà, ó sì pa 7,654. Ní June 2024 ó tún wọ Èkó, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 20 kí oṣù náà tó parí. Ẹ rántí pé ohun mímu ọ̀fíò ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀fíò kọ́ ló ń bí onígbáméjì. Omi tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ló yẹ kí a béèrè.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan sọ fún wa pé ará Èkó kò fẹ́ sanwó omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó omi, wọ́n ti ọjà pa, wọ́n sì wọ́ lọ sí ilé ìjọba. Ọdún náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ owó náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wí ni pé àwọn ní kànga nílé, àti pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ yóò wúlò fún jù. Síbẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjú ní 1910. Gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 2.45 lójúmọ́ ni wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ìjọba wá ń gba owó náà ní 1916, ariwo tún sọ. A kò bá àwọn bàbá wa jà. Ẹni tí a ní kí ó san owó ohun tí ó rò pé kò ní dé ilé òun, kí ni kí ó ṣe? Ó kàn dá wa lójú pé kànga tiwọn náà kò mọ́ tó bí wọ́n ti rò, nítorí ilé àti ṣalángá ti fún pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ìgbà náà.

Lónìí, àwa ń sanwó omi. Gbogbo wa ni. Mẹ́rúwà ń gbà á, onípíọ̀ wọ́tà ń gbà á, ọsibítù ń gba ìyókù. Ohun tí a kò ní ni páìpù tí a lè sanwó fún. Wọ́n ti mú Ìjú gbòòrò dé mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 45 lójúmọ́, wọ́n sì kọ́ Adíyàn fún mílíọ̀nù 70 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èyí ni iye tí ẹ̀rọ lè ṣe bí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí iná wà, tí páìpù kò lu. Ṣùgbọ́n Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ nínú ìwé kan ní 2017 pé ní 1990, ilé 32 nínú 100 ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà ló ní omi ẹ̀rọ nínú ọgbà wọn; nígbà tí ó di 2015, 7 péré ló kù. Ìlú ń dàgbà, páìpù ń kú. Ní 28 July 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi tó mọ́. A ka ìwé ìpinnu náà. Ó dára púpọ̀, kò sì fa páìpù kankan wọ Bàrígà.

Ẹnìkan lè wí pé omi ẹ̀rọ náà ń pa ènìyàn. Ó lè pa á lóòótọ́. Ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò, ìjọba yí omi ìlú padà sí omi odò Flint ní April 2014 kí owó má bàa pọ̀. Omi náà ń jẹ irin, ó sì ń họ òjé kúrò lára páìpù sínú ife àwọn ọmọdé. Ní October ọdún náà, ilé-iṣẹ́ General Motors rí i pé omi náà ń mú kí irin ẹ́ńjìnnì dípẹtà, wọ́n sì já ara wọn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń mu ún títí di October 2015. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì! Àwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì náà ń lọ sílé mu ohun tí ẹ́ńjìnnì kò lè mu. Ìdí nìyí tí a kò fi ní béèrè páìpù lásán. A ó béèrè pé kí wọ́n máa yẹ omi wò, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.

Ohun mìíràn wà tí ẹ̀yin tó ń lẹ táyà yóò tètè yé. Táyà tó kún fún afẹ́fẹ́, bó bá lu, afẹ́fẹ́ ni yóò máa jáde, iyanrìn kò ní wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni páìpù tí omi kún inú rẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tí omi wá lówùúrọ̀ tó sì lọ lọ́sàn-án, yóò fa omi gọ́tà wọlé ní gbogbo ojú ibi tó ti lu. Ẹ sì mọ iye páìpù tó ń gba inú gọ́tà kọjá ládùúgbò wa. Bí omi kò bá dúró nínú rẹ̀, kànga mìíràn ni wọ́n gùn ní gígùn fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kànga dẹ̀rọ. Àwọn kan nínú yín ní kí ẹ̀ka fi owó ìrànwọ́ gbẹ́ ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, a ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Méjì nínú wa fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ọmọ tó ń ṣàìsàn kò lè dúró de ìjọba. Àwa mẹ́ta yòókù wò ó pé òpópónà kan ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, pé owó dísù yóò jẹ owó ìrànwọ́ tán kí ọdún tó yí po, àti pé ọjọ́ tí a bá gbẹ́ tiwa ni a ó dákẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ ó dìbò.

Ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ìwé tí a kọ sí ilé-iṣẹ́ omi ti ìpínlẹ̀ àti sí ìjọba ìbílẹ̀. A béèrè pé kí páìpù ńlá gba gbogbo òpópónà, kí owó tí ilé kan yóò san láti fà á wọlé ṣeé san díẹ̀díẹ̀, kí ayálégbé náà sì lè san tirẹ̀ láìdúró de lánlọ́ọ̀dù. Kí ẹ̀rọ omi gbogboogbò wà ní ìkóríta títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí ara rẹ̀ gbàǹgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ omi fúnra wọn, nínú ẹgbẹ́ wọn AUPCTRE, ti ń jà tipẹ́ pé kí wọ́n má ta omi Èkó fún oníṣòwò. A fẹ́ kí ẹ gbà wá láyè láti lọ bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ló mọ ibi tí páìpù wà.

Àti sí àwọn agbanisíṣẹ́: ilé-iṣẹ́ tó bá ní omi tó mọ́ nínú ọgbà rẹ̀, kí ó fa ẹ̀rọ kan sí ẹnu géètì fún òṣìṣẹ́ láti gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ sílé. Kí èyí wọ inú ìdúnàádúrà tó ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù. Ní gáréèjì, kí a béèrè bákan náà.

Ìwé náà wà lórí tábìlì fún ìfọwọ́sí. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ, íǹkì wà fún ìka. Ẹni tó bá fẹ́ kí a yẹ kànga ilé òun wò, kí ó fa orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó máa lọ, kó sì fi tépù wọn bí sókàwéè ti jìnnà sí kànga kí a tó dé. Ìgò kò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ilé tó ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni a ó kọ́kọ́ yà sí.