Ẹkún Kò Lé Oúnjẹ Lọ

Bí a ti ń ti ìsìnkú ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ bọ̀, ọkọ̀ wa dúró ní Ninth Mile Corner, ní Enugu, níbi tí wọ́n ti ń ta okpa gbígbóná. Olóògbé kì í kọjá ibẹ̀ láìra méjì: ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹni tí ó bá jókòó tì í. Àwa náà ra méjì. A jẹ, a sì bá àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan bi wá bóyá èyí yẹ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀.

Jésù sunkún nítorí Lásárù. Síbẹ̀, nígbà tí ikú tirẹ̀ súnmọ́ tòsí, Ó jókòó ti oúnjẹ ní Bẹ́tánì. Ẹ gbàdúrà fún olóògbé yín nínú Mísà, kí ẹ má sì ka ẹ̀rín sí ẹ̀ṣẹ̀. Oore tí ó ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó bá a wọ ibojì.