Ìbọn Àtijọ́ Tí Ó Wà Nínú Ilé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìjàgbó)

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìbọn tí àwọn olè ń gbé kiri ní ọjọ́ òní. Ìbọn tí àwọn baba ńlá wa fi kọ́ sí ara ògiri ni, tí ìpẹtà ń jẹ, tí àwọn ọmọ wa sì ń tà ní ìtàkútà fún àwọn tí ń ra irin.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn a máa wá ìbọn àtijọ́ kiri, wọn a sì fi owó ńlá rà á. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn ni ìbọn gígùn kan tí àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó ti Jámánì àti Switzerland wá bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní agbègbè Lancaster, ní Pennsylvania, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀pá rẹ̀ a máa gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Wọ́n gbẹ́ ìlà lílọ́ sí inú ihò rẹ̀ kí ọta lè máa yí bí ó ti ń jáde, kí ó má baà ṣìnà. Wọ́n sì fi idẹ ṣe igi ìdí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Òkúta ìbọn ni ó ń dá iná sí i ní àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ti ṣakabùlà wa.

Ẹni tí ó mú ọgbọ́n mìíràn wá jẹ́ àlùfáà ìjọ kan ní Scotland, Alexander Forsyth ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa yìnbọn pa ẹyẹ. Ó ṣàkíyèsí pé bí òkúta bá ti ṣáná, tí ẹ̀tù ẹ̀gbẹ́ ìbọn sì bú yẹ̀rì, ẹyẹ a rí iná náà, a sì ti lọ kí ọta tó jáde. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níhìn-ín mọ ohun tí mo ń wí. Ní 1807 ó gba ìwé àṣẹ fún oògùn kan tí ń gbiná bí a bá ti lù ú. Láti inú ọgbọ́n yìí ni a ti rí ìdérí bàbà kékeré tí a ń fi dé ihò iná ìbọn, tí òjò kò lè tètè ṣe ní ibi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn Pennsylvania ni wọ́n yọ òkúta kúrò lára wọn, tí wọ́n sì fi ìdérí yìí rọ́pò rẹ̀.

Èéṣe, nígbà náà, tí òkúta fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ìbọn tiwa? Ẹlòmíràn yóò wí pé àìlajú ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Òkúta kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìdérí bàbà kò lè dé ọwọ́ wa àfi láti òkè òkun. Èyí tí ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn pàdé ní Brussels, wọ́n sì fi òfin de títa ìbọn rere ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ní nítorí kí òwò ẹrú lè dópin ni. Bóyá ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọlu Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892, Maxim ni wọ́n gbé wá.

Àwọn baba wa mọ ìbọn rere. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú ká títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé wọn lọ́wọ́ láti rí ìbọn Snider, tí a ń ki láti ẹ̀yìn. Ìbàdàn sì mọ̀ ọ́n lára. Ní apá tiwa níhìn-ín, Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, ìlú Ọlálọ́mi Ọlọ́fàgangan, títí ó fi ṣubú ní 1890, ọdún kan náà tí a ṣe òfin Brussels. Ìjàgbó kò jìnnà sí Ọ̀fà. Nítorí náà, ìbọn tí ó wà ní ìyẹ̀wù yín lè ní ohun tí yóò sọ.

Ẹ gbé e bọ́ sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìdí ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ adé lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tí ó dábùú ara wọn, pẹ̀lú lẹ́tà B, P àti C, Birmingham ni wọ́n ti dán an wò, ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1813. Bí ó bá jẹ́ E, L, G nínú àmì tí ó rí bí ẹyin, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ tiwa ni ó rọ ọ́, ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé bá ń búra pé ogun Ọ̀fà ni baba baba òun ti gbà á, tí ẹ sì rí i pé páìpù omi ni ọ̀pá rẹ̀, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ Lancaster fín orúkọ wọn sí orí ọ̀pá ìbọn. Orúkọ náà ni ẹni tí ń rà á kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ẹni tí ó ti ni ín rí. Alágbẹ̀dẹ tiwa kò fín orúkọ. Ẹnu àwọn àgbà ni orúkọ rẹ̀ wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ta ìbọn náà láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, iye irin lásán ni a gbà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ohunkóhun ha ìpẹtà rẹ̀ kí ó lè dán. Òróró díẹ̀ tó. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ jẹ́ kí àgbà ọdẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọn inú ihò rẹ̀, kí ó sì fi wé gígùn rẹ̀ ní ìta. Bí ti inú bá kúrú púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀ láti ayé baba yín. Ẹ má sì gbàgbé pé òfin ìbọn ti 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Akọ̀wé wa ti la ìwé kan sílẹ̀. Orúkọ ilé, ẹni tí ó ni ìbọn, ẹni tí ó rọ ọ́ tàbí ẹni tí ó tún un ṣe, àti òǹtẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ ni yóò máa kọ sí i. Ìwé náà wà lórí tábìlì níwájú Alága. Ti ilé wa ti wà ní ojú ìwé kìíní.