Ìrònú Àpọ̀jù àti Ohun tí Ènìyàn Lè Ṣe sí I

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìbà Housing Estate, Ìpínlẹ̀ Èkó)

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ni ó ń retí. Ẹ forí jì mí bí mo bá gba ọ̀nà mìíràn lónìí.

Odidi oṣù mẹ́rìnlá ni ẹ kò fi rí mi ní ìpàdé yìí. Akápò kọ owó ìtanràn sí mi lọ́rùn, mo sì ti san án. N kò bá a jà, òfin ni. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tí ó dá mi dúró sílé.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Bí agogo mẹ́ta òru bá ti lù, ojú mi yóò là, àyà mi yóò sì máa lù kìkì bí ti ẹni tí ológò jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Oúnjẹ kò ládùn lẹ́nu mi mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò wá kí mi, n óò sì máa retí ìgbà tí wọn yóò lọ. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Àwọn kan ń wí pé àìsàn òyìnbó ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú ní Arò. Ó ń fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé níbẹ̀, kí wọ́n má baà dá wà. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí káàkiri àwọn abúlé ẹ̀bá Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ ní 1963. Wọ́n rí i pé a kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó àìsàn yìí já, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ dájú: ẹkún tí kò dá, àárẹ̀, àìlèjẹun, àníyàn, kí ayé sú ni.

Ìyá kan tí ó ń ta àkàrà níwájú búlọ́ọ̀kù wa ni ó kọ́kọ́ bi mí léèrè. Ó ní, “Bàbá, ojú yín kò fara rọ. Ẹ jókòó.” Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, mo ka gbogbo ìdààmú mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Èwo ni ẹ lè fọwọ́ kàn lónìí nínú gbogbo rẹ̀?” Mo ní ìwé kan wà nípa owó ìfẹ̀yìntì mi tí ó yẹ kí n kọ. Ó ní, “Ẹ lọ kọ ìlà kan péré, kí ẹ sì padà wá lọ́la.”

Ìyá yìí kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe ní Zimbabwe ni òun ń ṣe. Dókítà Dixon Chibanda ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 2006: ìyá àgbà tí a ti kọ́ yóò jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, yóò gbọ́ tẹnu aláìsàn, wọn yóò sì jọ mú ìṣòro kan ṣoṣo láti kọ́kọ́ yanjú. Ìrònú àpọ̀jù ni àwọn náà ń pe àìsàn yìí ní èdè Shona. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó bá wọn jókòó yá ju ti àwọn tí a tọ́jú bí a ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan. Mo fa ìlà sí àárín ojú ewé: ohun tí ọwọ́ mi tó wà ní apá kan, èyí tí kò tó wà ní apá kejì. Mo yan ààbọ̀ wákàtí fún àníyàn, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá dé ní òru, n óò sọ fún un pé kí ó padà wá ní àkókò rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín; èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Bí àyà mi bá ń lù, n óò fa èémí sínú títí n óò fi ka mẹ́rin, n óò tú u síta títí n óò fi ka mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀. Ní òwúrọ̀ mo ń rìn lọ sí ìhà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kí oòrùn tó mú. Kò wù mí rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ; ó pẹ́ kí ìfẹ́ rẹ̀ tó dé. Mo sì jáwọ́ nínú ife ọtí tí mo fi ń wá oorun, nítorí òun gan-an ni ó ń jí mi lóru.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun, mo mọ̀ pé bí a bá pè yín, “dáadáa ni” ni ẹ ń wí, nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì tí ilé sì ń béèrè owó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín. Ní England, ènìyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ láìkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

N kò ní kí a má gbàdúrà. Èmi náà gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìrọlẹ̀, ìwé kékeré nìkan kò tó o mọ́: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ènìyàn bá sì ń ronú àtikú, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Arò wà, ti Yábàá sì wà láti 1907. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pè wá ní wèrè.

Nítorí náà, Alága, mo dá àbá kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, kí akápò má tíì kọ owó ìtanràn sí i. Kí àwọn méjì nínú wa kọ́kọ́ lọ kàn án lára nílé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sì mú ìwé owó dání. Bí ilé bá gba àbá yìí, mo fi orúkọ mi sílẹ̀ láti wà lára àwọn méjì àkọ́kọ́.