Òmìnira Ẹni Tí Ó Wà Lẹ́yìn Odi



Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ti ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí Èkó, sí Ìbàdàn àti sí ìlú Òyìnbó, láti ṣòwò tàbí láti kàwé. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa fúyẹ́ bí wọ́n bá ti jìnnà sílé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nílé, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọmọ ẹni tí olúwarẹ̀ í ṣe. Ohun tí ó bá ṣe ní òwúrọ̀, àwọn àgbà yóò ti gbọ́ kí ó tó di alẹ́. Nígbà ọdún Agẹmọ, ojú obìnrin kò gbọdọ̀ kan Agẹmọ tí ń lọ sí Ìmọ̀sàn. Obìnrin tí ó wà ní Èkó lọ́jọ́ náà kì í sá pamọ́.

Irú òmìnira bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀sìn pàápàá ṣe ìdẹ̀ra fún arìnrìn-àjò. Súrà kejì nínú Kùránì gbà á láyè láti ṣínu nínú oṣù Ràmàdáánì; Súrà kẹrin gbà á láyè láti dín ìrun kù, tí rákà mẹ́rin fi di méjì nínú sùnnà Ànábì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìrun dín kù, kò parẹ́. Ti Àsùbáà àti ti Mọ̀gáríbì kò tilẹ̀ dín rárá. Ààwẹ̀ tí ó sì fò, yóò san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kì í mutí ní Ìmùṣin nítorí ojú bàbá rẹ̀, tí ó wá ń mu ún ní Èkó, kò gba òmìnira kankan. Bàbá rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Ọkọ tí ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àpọ́n ní London, ajigbèsè ni. Ààwẹ̀ ṣeé sún síwájú. Ebi ọmọ kò ṣeé sún.

Lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ń wálé ṣe Iléyá, wọ́n sì ń péjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún fún Ojúde Ọba, tàwọn ti aṣọ olówó iyebíye. Kí olúkúlùkù mú ìwà tí ó ṣeé fi han ará ilé bọ̀ pẹ̀lú. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi bọ̀ wálé láìlẹ́bi. Àmín.